Ọjọ́ Jímọ̀ Tí A Ò Dúró De Àwọn Apẹja

Etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í ṣaláìrùn fún ẹja yíyan láàárọ̀, àmọ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, èéfín epo dísẹ́ẹ̀lì ló gba ibẹ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ló dé. Àwa ará ẹ́sítéètì, tá a máa ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, ọ̀nà wa ni típà wọn bà jẹ́. Àwọn apẹja ní tiwọn, omi wọn ni: ibi tí bàbá wọn ti ń ju àwọ̀n ti di ọ̀gbun, ẹja sì ti sá lọ. Ìyà wa yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ló fi ń jẹ wá, la bá pawọ́ pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kò sí ìpàdé tá ò ti sọ ọ́.

Èmi ni akọ̀wé. Ìyá ẹlẹ́ja kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà ló ṣáájú àwọn apẹja, ó sì fẹ́ràn láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Akọ̀wé, bàtà ọ́fíìsì yìí, ṣé ó ṣeé fi sáré tí wàhálà bá dé?" Ọjọ́ Jímọ̀ la lọ dúró sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ léjìká, àwa gbé páálí tá a kọ nǹkan sí lọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun, Àlàájà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "À ń lọ mọ́sáláṣí. Tí wọ́n bá pè yín wọlé, ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù dè wá." Mo ní, "Ẹ máa lọ mà, a ò ní wọlé láìsí yín."

Wọn ò tíì lọ jìnnà tí máníjà fi ní ká wá, pé òun fẹ́ jáde. Àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago, torí ààyè ààbọ̀ ọjọ́ péré ni wọ́n gbà níbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní, "Kí ni àwọn apẹja fẹ́ sọ tá ò lè bá wọn sọ?" Mo mọ èsì ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi, mo kàn panu mọ́ ni. Ó ń dùn mí dòní. A wọlé. Wọ́n ní àwọn típà ò ní gba ọ̀nà wa mọ́, wọ́n á sì tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n léèrè omi. Máníjà ní ó dìgbà míì. Mo tọwọ́ bọ̀wé.

À ń kó páálí wa nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé láti mọ́sáláṣí. "Omi ńkọ́?" ni Àlàájà bi mí. Mo sọ ohun tí máníjà wí fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ti rí tiyín gbà," ó pe àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì lọ wọ ọkọ̀ ojú omi wọn.

Kí òjò ọdún náà tó dá, àwọn típà ti padà sọ́nà wa. A tún lọ dúró sẹ́nu géètì, àwa nìkan, a ò tiẹ̀ pọ̀ tó èyí tí ọlọ́dẹ á torí ẹ̀ dìde lórí àga. Mo bá lọ bẹ Àlàájà. Ó fún mi lágà, ó fún mi lómi mu. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ta ọkọ̀ ìpẹja, wọ́n ti lọ ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá n'Ígbògbò. "Mi ò bá ọ jà," ló wí, "ṣùgbọ́n kí ni kí n ní kí àwọn èèyàn mi wá gbà báyìí?"

Tí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fáwọn èèyàn, mo máa ń sọ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ló tú wa ká: àwa kàwé, àwọn ò kàwé, ẹ̀sìn ò papọ̀. Irọ́ ni mò ń pa. Pẹ̀lú gbogbo ìyàtọ̀ yẹn la fi dúró pọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní ká fún àwọn, èmi tí mo sì ṣèlérí rẹ̀ ni mo mú bírò.