Àpò Ọ̀pá Bíyáà Tí Bàbá Mi Ṣe

Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ inú mi kò tíì rọ̀. Mo ti gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé àpò igi lásán ni, pé ẹni tó kàwé kò yẹ kó tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Kò ràn mí lọ́wọ́. Kì í ṣe tìtorí àpò náà nìkan ni mo ṣe ń bínú, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, bóyá màá mọ ohun tó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tí àwọn Faransé kúrò, wọ́n fi tábìlì bíyáà kan, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kéékèèké lórí rẹ̀, sílẹ̀ ní ilé ìgbafẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Pọ́bẹ̀. A ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n òfin tábìlì náà kò yí padà: àwọn ọ̀pá tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, ti àwọn ọ̀gá ni. Olùkọ́ kékeré bíi tèmi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ní Àjàṣẹ́, àfi kó mú ọ̀pá tirẹ̀ wá, tàbí kó jókòó máa wòran. Mo ní ọ̀kan. Àbúrò ìyá mi tó ti dáná fún òyìnbó kan rí ló fún mi. Igi kan ṣoṣo ni, kò ṣeé yọ sí méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi.

Kétu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kámíò, ọkọ̀ akẹ́rù, ni mo sì ń wọ̀ lọ sí Pọ́bẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Nígbà kejì tí mo gbé e lọ, inú ẹní ni mo wé e sí, ẹnì kan sì gbé àpò àgbàdo lé e lórí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí kámíò bá ti kó sí kòtò, àyà mi á já, bí ẹni pé egungun ara mi ni wọ́n fẹ́ ṣẹ́. Tí ọ̀pá yẹn bá wọ́, mo ti di ònwòran nìyẹn.

Mo rí àpò aláwọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù ní Kútọnu, ṣùgbọ́n gbogbo owó oṣù mi kò tó o. Mo lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Kétu, mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ ohun tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹrù kò lè tẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Olùkọ́, ṣé ejò lẹ fẹ́ sin ni?”

Àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí. Ó kan àpótí náà dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èmi nìkan kò lè gbé e. Awakọ̀ kámíò ní kí àpótí san owó ọkọ̀ tirẹ̀, torí ó gùn ju ọ̀pọ̀ èrò òun lọ. Mo dá a padà.

Bàbá mi ń dáko ní Odòmẹta. Mo sọ ìṣòro mi fún un níbi tí a ti ń jẹun. Kò rí bíyáà rí. Ohun tó bi mí ni pé kí ni àwọn ọ̀tá igi náà. Mo ní òjò, ikán, oòrùn, àti ẹrù àwọn èèyàn. Ó mi orí. Ọparun kì í hù lórí ilẹ̀ wa tí omi ti wọ́n. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí etí odò tó jìnnà, ó gé èyí tó tọ́ tó sì nípọn. Ó fi irin gbígbóná gún àwọn oríkèé rẹ̀ nínú títí ihò fi já. Ó wá gbé e sí àjà lókè iná ìyá mi, níbi tí a máa ń kó irúgbìn sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀, ó dúdú, ó le. Ìyá mi to òwú sí i nínú, bàbá mi fi awọ ewúrẹ́ ṣe ìdérí. Nígbà tí mo ki ọ̀pá mi bọ̀ ọ́ tí mo mì í, kò dún rárá.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó ń rùn bí èéfín, ojú sì tì mí díẹ̀. Inú mi dùn, ojú ń tì mí, inú sì tún ń bí mi pé ojú ń tì mí.

Ní Sátidé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a ń gbá bíyáà níbẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbafẹ́. Òṣìṣẹ́ owó orí ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

“Kí lo gbé wá? Ẹmu?”

“Àpò ọ̀pá mi ni, ọ̀gá. Bàbá mi ló ṣe é.”

“Bàbá ẹ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe oko. Ọ̀pá á wọlé, igi ìdáná á dúró síta.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fa ọ̀pá mi yọ, mo gbé àpò náà ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́, mo sì wọlé. Ohun tí mo fi ń dá ara mi lẹ́bi jù nìyẹn, pé mo wọlé.

Nígbà tí mo jáde, alásè ilé ìgbafẹ́ náà ti la àpò mi sí mẹ́rin, ó fi ń sun ẹran. Kò jẹ̀bi, akọ̀wé ló sọ fún un pé igi ìdáná wà lára ògiri. Òwú ìyá mi fọ́n ká nínú eérú. Mo padà wọlé, mo ní kí akọ̀wé wá bẹ bàbá mi.

“Torí ọparun?” ló wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí tábìlì.

Àpò tirẹ̀, aláwọ tó ti Kútọnu wá, wà lórí àga. Mo ki ọ̀pá mi bọ̀ ọ́.

“Ẹ wá gbà á ní Odòmẹta, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ sun iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.”

Mo gbé e kọ́ èjìká, mo jáde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo gbé e dé Odòmẹta, mo rò pé bàbá mi yóò yìn mí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ ọ̀pá mi jáde, ó gbé àpò aláwọ náà kọ́ sínú yàrá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, akọ̀wé gun alùpùpù mobilẹ́tì rẹ̀ dé. Bàbá mi ṣí fìlà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà fún un.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọmọdé ló ṣe é.”

“Kò burú, bàbá,” ni akọ̀wé wí, bí ẹni tó ń dárí jì wá. Ó lọ. Kò dárúkọ ọparun.

Mo kọjú sí bàbá mi. “Bàbá, ẹni tó sun iṣẹ́ yín lẹ ṣí fìlà fún.”

“Ẹrù rẹ̀ wà nínú ilé mi. Ta ló gbé e wá síbẹ̀?”

“Èmi ni,” ni mo wí.

“Ká ní o fi í sílẹ̀ ni,” ló wí, “èmi ni ǹ bá lọ bá a ní Pọ́bẹ̀, kí n bi í léèrè ọparun mi lójú gbogbo wọn. Ìwọ lo gbé ẹrù ẹlẹ́rù wálé, o sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi ọ̀pá mi sílẹ̀ nílé, mo wọ kámíò lọ sí Pọ́bẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi akọ̀wé léèrè ọparun bàbá mi lójú gbogbo wọn. Ó ní kí n wọlé wá gbá bíyáà, òun á yá mi ní ọ̀pá lára ògiri. Mo ní rárá, mo tún béèrè. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rówó ọkọ̀, mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ béèrè. Kò tíì dá mi lóhùn.