Bọ́lá Ní Òun Ò Rí Nǹkan Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń dùn mí.

Tíṣà ni mí. Ìgàndò ni mò ń gbé, Ìkọ̀tún ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀rù bọ́ọ̀sì ṣe ń ba àwa obìnrin báyìí, àbí? Èmi kì í dá wọ̀ ọ́. Èmi àti Bọ́lá tá a jọ ń gbé ilé kan náà la jọ máa ń jáde láràárọ̀, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Òun ló máa ń sọ pé kò séwu tí òun bá ti wà níbẹ̀. Mo sì gbà á gbọ́ o!

Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, bàbá kan wọ bọ́ọ̀sì wa, ó jókòó sáàárín wa. Bọ́lá kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní alàgbà ìjọ àwọn ni. Ọkàn mi tún wá balẹ̀ sí i.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí itan mi. Mo rò pé bọ́ọ̀sì ló ń mì. Mo sún, ó sún tẹ̀ lé mi. Mo gbá ọwọ́ náà dànù, mo pariwo, "Yọwọ́ ẹ lára mi!"

Bàbá ní irọ́ ni mò ń pa. Làwọn èrò bá gbè é! Wọ́n ní aṣọ mi ló fún jù.

Mo yíjú sí Bọ́lá. Ṣebí ojú ẹ̀ ló ṣe! "Bọ́lá, sọ fún wọn jàre."

Ó tẹjú mọ́ fóònù. "Èmi ò rí nǹkan kan o."

Awakọ̀ ní kí n sọ̀ kalẹ̀ tí mi ò bá lè dákẹ́. Mo sọ̀ pẹ̀lú omijé. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, nọ́ọ̀sì ni, bá mi sọ̀. Ó ní òun ò rí ọwọ́ náà, àmọ́ òun gbọ́ igbe mi. A jọ fẹsẹ̀ rìn dé Ìkọ̀tún.

Nírọ̀lẹ́, Bọ́lá wá bẹ̀ mí. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n bàbá yẹn ló máa ṣe alága ìgbéyàwó òun. Alága ìgbéyàwó! Mo ti ilẹ̀kùn mi.

Mo ti ń dá wọ bọ́ọ̀sì báyìí. Àyà mi ṣì ń já.

Ẹ jọ̀ọ́, tí obìnrin bá pariwo nínú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo aṣọ ọrùn ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló sẹ́ yín nírú ibẹ̀ rí? Ta ló bá yín sọ̀ kalẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà.