Ohùn Tó Gun Òkè Wá Bá Anar

Ẹ má jẹ́ kí Anar tàn yín jẹ. Bẹ́ ẹ bá rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé olókùúta rẹ̀ lórí òkè Pamir, tó na fóònù sókè sí ẹyẹ, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló ká a lára. Irọ́ ni. Àárò ọmọ ló ń sọ ọ́. Dilshad nìkan ló bí, ìyẹn sì ti lọ ń ránṣọ níléeṣẹ́ kan ní Karachi.

Nísàlẹ̀ lábúlé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ìròyìn Karachi ni Anar ń jẹ, òun náà ló ń mu. Iná jó níbí, omi ya wọ ọ̀hún, wọ́n yìnbọn. Kò rí oorun sùn mọ́. Nígbà tí Dilshad wálé, òun fúnra rẹ̀ ló pa gbogbo ìròyìn rẹ́ nínú fóònù náà, tó fi ohun tí wọ́n fi ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ rọ́pò.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹyẹ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́. Bí fóònù méjì bá ti wà nítòsí ara wọn, wọ́n á pín ohun tó wà nínú wọn, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé á bá mi gbé tèmi wá."

Àṣé òótọ́ ni. Tí àwa obìnrin bá ti da àwọn màlúù onírun gígùn wa gòkè nígbà ooru, ohùn ẹyẹ ń ti inú fóònù bọ́ sínú fóònù bá wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, a ò gbúròó Dilshad. Anar ò ráhùn, ó kàn ń wọ̀nà ṣáá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sarfaraz tó ń gbé ìyẹ̀fun wá fún wa yà mu tíì oníyọ̀ nílé Anar. Ó ti sọdá odò kó tó yíjú padà, ó wá pariwo:

"Ìyá Dilshad! Ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín o! Á ti wọ fóònù yín níbi tíì yẹn!"

Anar kígbe. Fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ ìbora, ó ti pa á, ó fi irun àgùntàn wé e. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe nìyẹn bí oòrùn tó ń fún fóònù wa níná bá kọ̀ tí kò yọ, kí bátìrì má bàa tán. Fóònù tí wọ́n pa kì í sì gba nǹkan kan. Ó fà á yọ, ó sáré dé etí odò. Ariwo omi gbé ohùn rẹ̀ mì. Sarfaraz juwọ́ sí i, ó lọ.

Ibẹ̀ ni mo bá a tó ń sunkún.

"O fẹ́ fẹsẹ̀ rin dé Karachi ni?"

"Shakila, fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi wá kanlẹ̀kùn, mi ò ṣí i fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. "Dákẹ́ jàre. Fóònù mi ń kọrin lápò mi níbi tí mo ti ń fún wàrà nígbà tí Sarfaraz kọjá. Ta ló máa ń bú mi pé mò ń fi bátìrì ṣòfò?"

A tan tirẹ̀, a gbé fóònù méjèèjì sórí òkúta, a dúró. Anar tẹ̀ ẹ́. Kannakánná ló kọ́kọ́ ké, fèrè ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni Dilshad rẹ́rìn-ín: "Ìyá mi, kannakánná nìkan ló wà níbí o." Ló bá ké bó ṣe máa ń ké pe àwọn màlúù wá síbi ìfúnwàrà: "Hooo-e! Hooo-e!"

Àwọn màlúù gbórí sókè lórí pápá. Wọ́n ń bọ̀, èyí tí Dilshad fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ló ṣáájú. Wọ́n yí wa ká, wọ́n gbóòórùn fóònù, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ Anar, wọ́n wá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," ni Anar sọ fún wọn. "Èmi náà ti wò ó."