Oyin Ìkómọ Tó Wọ Àpótí

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orí àga ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tí á máa wo ògiri. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àpótí oyin mẹ́ta tó gbé sẹ́yìn ilé wa ní Ushafa ló gbé e dìde. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ mọ́ nígbà tí òórùn burúkú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú ọ̀kan nínú wọn.

Mo pe àbíkẹ́yìn wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò nígboro. Ó fa afárá kan jáde, ó ki igi ìṣáná bọ inú ihò rẹ̀ kan, ó sì rọra fà á. Ohun tó tẹ̀ lé e jáde ń fà bí ilá, ó sì pọ́n rúsúrúsú. Ìdin oyin ló dà bẹ́ẹ̀.

"Dádì, kòkòrò àìfojúrí ni. Inú oúnjẹ ni ìdin ti ń gbé e mì. Tó bá dé ikùn wọn, á tu májèlé. Májèlé ọ̀hún ní apá méjì: ọ̀kan á ṣílẹ̀kùn, ìkejì á wọlé lọ tú okùn tó di ara mú. Ìdin á wá yọ́. Kò ní ṣe àwọn àgbà oyin ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń fún ìdin lóúnjẹ. Inú oyin tó wá láti ìta ló sábà máa ń bá wọlé. Ṣé ẹ fún wọn ní oyin ibòmíì jẹ ni?"

Mo mọ ohun tí Bàbá ṣe. Oyin ìkómọ kì í ṣe ohun tí à ń dà nù nílé wa. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìkómọ ọmọ-ọmọ wa, tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà, ló bù sínú abọ́ fún wọn nígbà òjò. Ó ní òun dá a padà fún àwọn tó ni ín. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Èmi ni mo fi oyin yẹn sí ọmọ lẹ́nu," Bàbá ní.

"Kì í pa èèyàn, Dádì. Ìdin oyin nìkan ló ń pa."

Ó tún bi í, ó tún bi í. Ìgbà tó gbà á gbọ́ ni ọmọ wa sọ pé àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jóná, nítorí abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹ.

"Èyí tára rẹ̀ le ńkọ́?" Mo jágbe mọ́ ọn. Àga yẹn ni mò ń rò, kì í ṣe oyin.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kòtò. Ó dúró títí oyin fi wọlé tán nírọ̀lẹ́, ó gbé àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, ó sì ṣáná sí wọn.

Ilẹ̀ mọ́, mo bá a lórí àga, ó kọjú sí ògiri. Inú bí mi, mo sì fẹ́ sunkún. Mo pe ìyá ọmọ-ọmọ wa yẹn, ìyàwó ọmọ wa tó ń gbé ní Kado, pé kó gbé ọmọ wá kíá. Nígbà tó dé, mo gbé ọmọ lé Bàbá lẹ́sẹ̀.

Ọmọ di ìka rẹ̀ mú, ó fẹ́ fi í sẹ́nu. Bàbá yára fà á yọ, ó gbóòórùn èéfín àná lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó gbé ọmọ dání, ó lọ fọ ọwọ́.