Púpurú Tó Wà ní Kọ̀rọ̀ Àjà

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ àjà tó wà lókè ààrò, wọ́n ń fi ọwọ́ wá nǹkan kiri. Ọkùnrin méjì láti ilé iṣẹ́ tó ń wa ọ̀dà ilẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìdáná, wọ́n gbé fìlà líle wọn lé orúnkún. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé dúró yí wọn ká. Gbogbo wọn ń retí ohun tí Ìyá àgbà fẹ́ mú wá. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti wọ inú mi láti bí oṣù kan. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi.

Púpurú ni Ìyá àgbà ń ṣe tà. Abúlé wa kò jìnnà sí Àgbàbù, odò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó bí orí ọmọ tuntun, wọ́n á wá tò ó sórí àjà kí èéfín igi kòkó máa fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, á le bí òkúta. Ìró ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ẹ̀yìn dúdú yẹn ló máa ń jí mi láàárọ̀: ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá là á, inú rẹ̀ á funfun báláú.

Àṣà kan wà tí Ìyá àgbà bá lọ́wọ́ ìyá wọn. Nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wú lọ́dún, wọ́n á yọ púpurú kan sọ́tọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ sàmì sí i lára, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ àjà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ títí ti ọdún mìíràn á fi dé. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Kí ebi má baà wọlé kó bá òfo."

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dé, wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sí òkè odò, ẹ̀rọ wọn ń lu ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ láì dí ihò náà. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn wọn kún inú ihò, ó ṣàn wá sínú odò wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun dídán kan lójú omi, tó ń yí àwọ̀ bí ọrùn ẹyẹlé. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sí i jáde ní rúsúrúsú, ó ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ lójú títì. Ìyá àgbà fi èéfín fẹ́ ẹ títí, òórùn náà kò lọ.

Mo bá Ìyá àgbà ru ú lọ sí ọjà Oré. Oníbàárà wọn àtijọ́ kan gbé ẹyọ kan sí imú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé púpurú nìyí àbí ẹ ti ń ta epo mọ́tò?"

"Omi wa ló bàjẹ́, ọmọ mi."

"Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi á ní mo fẹ́ pa òun."

A ru ẹrù náà padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Mo ti ilé ìwé dé, ebi ń pa mí, Ìyá àgbà sì ti lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Mi ò fẹ́ jẹ èyí tó ń rùn. Mo gun àpótí, mo mú ti kọ̀rọ̀ àjà, mo ha á, mo gún un, mo rò ó, mo fi ọbẹ̀ àná jẹ ẹ́ tán. Mo da èèpo rẹ̀ sínú iná. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ojú máa ń tì ni mí; bí mo bá ṣe ohun tó dára pàápàá, n kì í lè sọ ọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ yẹn wá gbọ́ ẹ̀sùn wa. Ohun tí abúlé ń béèrè kò ju kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga fún wa títí odò á fi mọ́. Èyí tó dàgbà nínú wọn gbọ́ tán, ó rọra dáhùn.

"Màmá, ọ̀dà ti ń sun jáde nínú ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí yín. Ta ló mọ bí odò yín ṣe rí tẹ́lẹ̀?"

Òótọ́ ni pé ọ̀dà ń sun nínú igbó wa. Ṣùgbọ́n kò dé odò yẹn rí.

"Ẹ dúró," ni Ìyá àgbà wí. Wọ́n fi èdè Ìkálẹ̀ wa sílẹ̀, wọ́n ń sọ Yorùbá tí àlejò á gbọ́. "Mo ní èyí tí mo ṣe kí ẹ tó dé, mo sì ní ti ìsinsìnyí. Ẹ ó là wọ́n fúnra yín, ẹ ó fi imú yín gbọ́ òórùn wọn."

Ìgbà náà ni wọ́n na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ àjà. Wọ́n wá a títí. Wọ́n yíjú wò mí. Mi ò mọ bí ojú mi ṣe rí, ṣùgbọ́n ó tó fún wọn. Wọ́n rọra fà mí lápá jáde síwájú àlejò.

"Ọmọ yìí ti jẹ ẹ́," ni wọ́n wí.

Àgbẹ̀ kan tó ń dáko kòkó lọ́dọ̀ wa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí ti lọ sí ṣáláńgá nìyẹn."

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé tèmi. "Ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Sọ fún wọn bó ṣe rí."

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí baálẹ̀ fi ní kí n tún un sọ. Mi ò lè tún un sọ. Mo bú sẹ́kún, mo sá padà sẹ́yìn ìkòkò. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ tó dàgbà náà dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Màmá, a ò lè kọ ẹkún ọmọdé sínú ìwé." Àwọn méjèèjì lọ.

Ìyá àgbà kò nà mí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ha púpurú tó ń rùn, wọ́n pè mí jókòó.

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mo fẹ́ sọ pé ó funfun, mà."

"Òórùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Òórùn èéfín nìkan ló ní."

"Tún un sọ."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń ha púpurú, wọ́n á ní kí n tún un sọ, títí ohùn mi fi bo ìró ọ̀bẹ.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Ihò yẹn ṣì wà, koríko ti hù sí i létí, òjò sì ń kún un lọ́dọọdún. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, Oré ni mo sì ń gbé. Ṣùgbọ́n púpurú kan máa ń wà ní kọ̀rọ̀ àjà mi tí àwọn ọmọ mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ohun tí mo jẹ níjọ́ yẹn kò sì tíì kúrò nínú mi.

Abúlé ti gba lọ́yà. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n pe ìpàdé, èmi náà wá láti Oré, ilé iṣẹ́ náà rán ẹlòmíràn wá, òun náà sì béèrè pé ta ló mọ bí odò náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí. Mo dìde kí ẹnikẹ́ni tó pè mí.

"Èmi ni mo jẹ púpurú tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí a fi omi odò yẹn ṣe kí ẹ tó dé," ni mo wí. "Ó funfun. Òórùn èéfín nìkan ló ní."

Lọ́yà wa ní kí n jọ̀wọ́ tún un sọ, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo tún un sọ.