Ìkíni Lábẹ́ Afárá

Òórùn epo pupa tó ti wọnú pákó ni ọkọ̀ ojú omi náà máa ń rùn, òórùn tí kò ṣeé fọ̀ kúrò. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń fún epo lójú ọ̀nà Igbotako, tí èéfín ọ̀kadà sì dà pọ̀ mọ́ òórùn epo yẹn, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé orí ilẹ̀ ni mo wà. Kò ní yà ọ́ lẹ́nu, ìwọ tí o mọ̀ mí. Èmi náà ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn tán, tí mo tún máa ń padà lọ dì í mú wò. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti ojo, ẹni tó láyà jù mí lọ náà á gbọ̀n.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu màmá mi ní abúlé wa létí odò. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣeé rán níṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ òsì sì ń wọ́ nílẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ń dẹ́rù bà mí jù ni pé bí èèyàn bá dúró sí apá òsì rẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé kò sẹ́ni níbẹ̀. A á gbé oúnjẹ sí apá ibẹ̀, á ní a ò tíì fún òun lóúnjẹ. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Okitipupa sọ pé kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọsibítù mọ́, nítorí pé irú rẹ̀ lè tún padà wá, a ò sì mọ bí ìkejì yóò ti rí. Okitipupa yìí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, mo sì ní yàrá kan tó ṣófo. Mo pinnu pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti di olórí ẹbí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, kò fẹ́ ẹ. Kò bá mi jà. Ó kàn ní ìyàwó ilé ni màmá mi, abúlé náà ni wọ́n fi orin mú un wá, òun ò sì ní lè dúró létí omi kí òun máa wò bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Ó yẹ kí n sọ fún ọ bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń ṣe sí ara wọn, kí èyí tó kù lè yé ọ. Láti ìgbà tí màmá mi ti wọ ilé náà, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kí i tí kò kúnlẹ̀ dá a lóhùn. Bó bá ru igi, á sọ̀ ọ́. Bó bá ń ro púpurú lọ́wọ́, á fi omorogún sílẹ̀ sínú ìkòkò. Irun rẹ̀ funfun tán, kò jáwọ́. Lẹ́yìn àìsàn náà ó tún fẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣubú lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá náà kò ti kí i mọ́. Á wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀, á sì dìde bá tirẹ̀ lọ.

Òjò ti gé ọ̀nà abúlé wa nígbà tí mo lọ mú un. Mọ́tò kò lè kọjá, mi ò sì gbà kí wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà máa ń mì jù fún ẹni tí kò lè mú ara rẹ̀ dúró. Mo bá ní kí a dúró de ọkọ̀ ọlọ́jà, èyí tó gùn tó sì fẹ̀, tó máa ń kó epo àti àpò gàrí. Mo rò pé fífẹ̀ tó fẹ̀ yẹn ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wa. Wọ́n tẹ́ ẹní fún màmá mi ní apá ọ̀tún, mo jókòó tì í, àwọn ìyàwó ilé wa tó ń lọ sọ́jà sì jókòó yí wa ká. Màmá mi kò wẹ̀yìn wo abúlé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Afárá ni mi ò rò. Afárá àtijọ́ kan wà lójú odò náà tí àárín òpó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ọkọ̀ ọlọ́jà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí odò bá kún, omi á gbé ọkọ̀ sókè débi pé igi abẹ́ afárá á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fá èèyàn lórí. Awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnì, gbogbo èèyàn á tẹrí ba, ẹnì kan kò gbọdọ̀ sún ìdí, àwọn ọkùnrin á sì máa fi ọ̀pá ti ìsàlẹ̀ odò kí ọkọ̀ lè yọ́ kọjá. Bí a ti ń sún mọ́ ọn, mo rí i pé omi ti gun òpó kọjá ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Mo bi awakọ̀ léèrè bóyá kò ní sàn ká dúró. Ó ní òjò ṣì ń rọ̀ lókè odò, pé bí a bá dúró, abẹ́ afárá yóò tún há sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà kan tí mi ò rí parí.

A ti wọ abẹ́ rẹ̀ dé ìdajì nígbà tí ohùn kan dún létí odò lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń kí wa kú ìrìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó ti gba ọ̀nà oko wá, àgbàlagbà yẹn, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, nítorí pé kò lè jókòó sílé mọ́. Ta ni yóò rò ó? Ọkọ ló kí wọn. Àwọn ìyàwó ilé yẹn yí sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, omi ń dà wọlé. Etí rẹ̀ lọ́wọ́ òsì gòkè, ó há sábẹ́ igi afárá, a sì dúró gbagidi. Màmá mi yọ̀ lórí ẹní lọ síbi omi, ó sì ti fi ọwọ́ ọ̀tún di irin kan tó yọ lára òpó mú kí n tó gbá a mú.

Awakọ̀ kò pariwo. Ó ní kí àwọn obìnrin náà máa fi ìdí wọ́ padà sí òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó fẹ́ já. Ṣùgbọ́n màmá mi kò fi irin sílẹ̀. Mo gbìyànjú láti ká àwọn ìka rẹ̀ kúrò, mi ò rí i ṣe. Ó dà bíi pé gbogbo agbára tó kúrò lára òsì ti kó lọ sínú ọwọ́ kan yẹn.

“Ẹ má fà á,” ni awakọ̀ wí. “Bí ọkọ̀ bá já tó ṣì di irin yẹn mú, inú odò ló máa bọ́ sí.”

Bí a bá sì dúró, omi tó ń kún á máa ti etí òsì mọ́ igi afárá, ti ọ̀tún á sì máa rì. Mo bẹ màmá mi. Mo ní, “Ìyé, èmi ni, ẹ fi sílẹ̀.” Irin náà nìkan ló ń wò. Mo di aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì mọ̀ pé aṣọ kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ odò.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gun afárá. Mo kàn gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lórí pákó lókè orí wa, tó ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò kejì, ó wọnú omi dé ìbàdí, ó sì kí màmá mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí màmá mi ti ṣubú. Kò gbé ohùn sókè. Ohùn tó fi máa ń kí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ló lò.

“Ìyàwó wa, mo kí ọ o.”

Mo rò pé ó ti parí, nítorí pé apá òsì ni ohùn náà ti wá. Ṣùgbọ́n orí màmá mi mì. Ó ń wá a. Ojú rẹ̀ kúrò lára irin, ó kọjá lójú mi, ó dúró, ó tún lọ díẹ̀ sí i, títí tó fi bá arúgbó tó wà nínú omi náà. Ó wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà ìyàwó rẹ̀: ó fi irin sílẹ̀ kó lè kúnlẹ̀. Orúnkún kò gbà fún un. Gbogbo ara rẹ̀ wó sí òsì lé mi lórí, ọkọ̀ já pẹ̀lú ariwo igi, a sì bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀.

“Ẹ kú o, ọkọ mi,” ni màmá mi ń wí lórí àyà mi.

Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnì. Ó ní ẹni tó bá tún kí ẹnikẹ́ni títí a ó fi dé èbúté, òun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi. A rẹ́rìn-ín. Bàbá náà dúró sínú omi, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè, kò sì gbé e wálẹ̀ títí a fi yà níbi tí odò ti yà.

Fún ìgbà díẹ̀, mo bínú sí ìkíni. Mo rò ó pé ọ̀wọ̀ lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ó pẹ́ kí ìyókù tó yé mi, pé ìkíni náà ló fa ojú rẹ̀ wá sí apá òsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ ní àgbàlá wa níbí, wọn á ju “mọ́níìn mà” sí màmá mi láti ẹnu ọ̀nà, wọn á sì ti lọ kí ó tó mọ ibi tí wọ́n wà. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ mo máa ń yí bẹ́ẹ̀dì po lọ sí apá òsì, màá kúnlẹ̀, màá ní, “Ẹ káàárọ̀, Ìyé,” màá sì dákẹ́. Kì í yá. Orí rẹ̀ á mì, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi, á kọjá lára fèrèsé, á kọjá lára ògiri, èmi náà á sì di aṣọ rẹ̀ mú láìmọ̀. Abẹ́ afárá ni mo máa ń wà láàárọ̀ gbogbo, títí ojú rẹ̀ á fi kàn mí.