Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Hẹ́dífóònù Méjì

Yàrá tí àwọn ọmọ mi ń sùn sí kí kálukú tó bá tirẹ̀ lọ ni mo sọ di sitúdíò. Mo fi aṣọ òfì àtijọ́ bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, mo sì ra máìkì kan. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ogbó mi ṣe ní Ẹdẹ nìyẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Orin wákà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ti ń lé orin fún àwọn obìnrin agbo ilé wa láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Ohùn ọ̀hún ti ń lọ báyìí. Lọ́jọ́ tí a gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dúró mu omi, wọ́n sì ní àwọn kò lè kọ ọ́ tán bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n ní kí n tò ó dáadáa, àmọ́ kí n má fún ẹnikẹ́ni títí àwọn yóò fi gbọ́ ọ. Bí kò bá dára, kí n pa á rẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wá hẹ́dífóònù tí màá fi yẹ iṣẹ́ náà wò, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe. Ó gbé méjì tí agbára mi ká wá. Ọ̀kan ń dán, ibi etí rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Èkejì dúdú, wáyà rẹ̀ lọ́ pọ̀, ó jọ èyí tí wọ́n ń fi sí wa létí nígbà tí à ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì. Obìnrin náà fẹ́ fi orin tirẹ̀ dán wọn wò fún mi. Mo ní rárá, orin tí mo mọ̀ tinú-tẹ̀yìn ló lè sọ òótọ́ fún mi, mo sì fi ti ẹ̀gbọ́n mi sí i.

Nínú èyí tó ń dán, ìlù wúwo láyà, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì kún bíi ti ìgbà tí mo máa ń wálé fún ìsinmi, tí màá ti máa gbọ́ wọn láti ojú títì. Nínú èyí tó dúdú, ìyá arúgbó ni mo gbọ́, èémí wọn ń já láàárín ọ̀rọ̀. Mo mú èyí tó ń dán.

Obìnrin náà bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi gbádùn ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́?”

Mo ní ohun tí ènìyàn bá ń gbádùn ló ń ṣe dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó kó o sínú ọ̀rá fún mi.

Nígbà tí mo ń tò ó nílé, bí hẹ́dífóònù yẹn ṣe ń bu ìwúwo tirẹ̀ kún orin ni èmi ń bu ìwúwo orin fúnra rẹ̀ kù láìmọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn elégbè wọn dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo fi sípíkà kékeré inú ilé gbé e fún wọn. Ó tín-ín-rín. Ìlù ń dún bí ẹni ń fi èékánná kan agolo wàrà. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè bèèrè bóyá onílù ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló ń kọrin yẹn?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni.”

“Èmi kọ́. Pa á rẹ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì mo dá hẹ́dífóònù padà, obìnrin náà fún mi ní èyí tó dúdú láìjà láìta, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lè gé èémí wọn kúrò. Ọwọ́ mi dé ibẹ̀ bí ìgbà mélòó kan, n kò gé e.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, orin náà kún nínú sípíkà kékeré, àwọn elégbè ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Wọ́n tú ìborí wọn, mo fi hẹ́dífóònù sí wọn létí, wọ́n di ojú. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo bi wọ́n bóyá kí n yọ èémí yẹn.

“Kí lo fẹ́ yọ, alákọ̀wé? Àwọn tó máa kọ ọ́ lẹ́yìn mi, ṣé wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n á ti mí ni?”

Wọ́n ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo àwọn elégbè. Mo na ọwọ́ láti gba hẹ́dífóònù, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù, wọ́n sì fi ìka júwe kọ̀ǹpútà pé kí n tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.